Báwo ni a ṣe lè bá ará ìta àti akẹ́kọ̀ọ́ jíròrò báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá láìtan ẹnikẹ́ni jẹ?

Olùtọ́sọ́nà Ẹgbẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láàbù tí ẹ wà níbí. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí n kò rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí, mo sì mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ti gba ọ̀nà yìí kọjá ṣáájú mi wà láàárín yín.

Èmi ni mo ń tọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ́nà lórí báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá, ìyẹn iṣẹ́ kí a máa to jíìnì pọ̀ bí ẹni tó ń to bíríkì, kí ohun abẹ̀mí kékeré lè ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe rí. Ohun tí àwọn ọmọ náà ń ṣe ni bakitéríà tí yóò máa pa àwọ̀ dà nígbà tí omi tí a bù sí i bá ní arsenic nínú. Àwa kọ́ la kọ́kọ́ rò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Edinburgh gbé irú rẹ̀ lọ sí iGEM, ìdíje báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé, ní ọdún 2006, èrò wọn sì ni pé kí ẹni tí kò ní agbára láàbù ńlá lè mọ̀ bóyá májèlé wà nínú omi tó ń mu.

A pe àwọn òbí àti àwọn aládùúgbò wá wo iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ ti múra sílẹ̀ gan-an: fún ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi àwòrán ṣàlàyé bí a ṣe ń gé DNA, ìyẹn okùn tí jíìnì wà lára rẹ̀, bí a ṣe ń so ó pọ̀, àti bí a ṣe ń mú un wọ inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè béèrè, ìyá àgbàlagbà kan ní ìjókòó ẹ̀yìn na ìka sí àwo kékeré tó wà lórí tábìlì, èyí tí ìdérí rẹ̀ ti ń làágùn láti inú nítorí ooru, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan inú àwo yìí, ṣé ó ń bí sí i? Bí ó bá ń bí sí i, tó wá bọ́ sínú omi tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò yẹn, ta ni yóò lọ kó o jáde?" Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù nínú wa dá a lóhùn pé, "Ẹ má bẹ̀rù, màmá, kò léwu rárá." Ìyá náà wò ó, ó ní, "N kò sọ pé ẹ̀rù ń bà mí. Ìbéèrè ni mo bi yín." Ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó béèrè ohunkóhun lẹ́yìn náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ìpolówó ọjà ni a ṣe, a kàn pè é ní ìlanilọ́yẹ̀ ni. Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè: báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é tí ọ̀rọ̀ ará ìta fi ń wọ inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀? Ìgbà wo ló yẹ kí a pè wọ́n? Báwo sì ni a ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ojú wọn wà lára ìdíje àti àmì-ẹ̀yẹ, láti gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láìsáré fi ọ̀rọ̀ ìtùnú bò ó mọ́lẹ̀?

Àgbà Láàbù fèsì:

Ẹ kú ìfọkànsí o, Olùtọ́sọ́nà. Kí ẹ tó wá ọ̀nà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ padà sí ìbéèrè ìyá yẹn, nítorí ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni, ó sì ní ìdáhùn. Irú bakitéríà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ni E. coli K-12, tí a ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1922, tó sì ti pẹ́ nínú láàbù débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́ láti bá àwọn ìbátan rẹ̀ tó wà nínú ìfun èèyàn du ibùgbé. Òtítọ́ kan nìyẹn. Òtítọ́ kejì ni pé aláìlágbára náà kì í kú lójú ẹsẹ̀: ó lè pẹ́ díẹ̀ nínú omi, ó sì lè fún bakitéríà mìíràn ní DNA tó gbé dání. Òtítọ́ kẹta, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ sọ, ni pé jíìnì tí a máa ń fi sínú rẹ̀ kí ó lè pa ara rẹ̀ bó bá jáde kò ṣeé gbára lé pátápátá, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì náà bá bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni yóò yè, òun náà ni yóò sì máa bí sí i. Ká ní ọmọ yín sọ òtítọ́ mẹ́ta yìí fún ìyá náà ni, tó sì fi kún un pé, "Ìdí nìyí tí a kò fi ní í dà á sínú omi, omi ni a ó bù wá bá a nínú ike tí a dì pa," ìjíròrò ì bá ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ gan-an ni pé ìbéèrè ìyá náà lè tún iṣẹ́ yín ṣe. A lè yọ àwọn èròjà tó ń ka DNA kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, kí a gbẹ wọ́n sórí pépà pẹ̀lú DNA tí a ti tò, kí ó sì máa pa àwọ̀ dà bí omi bá kàn án. Kò sí ohun abẹ̀mí kankan lórí pépà yẹn, kò sì lè bí sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti pe ìyá náà kí ẹ tó yan bakitéríà ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pépà ni ẹ̀ bá yàn. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín nípa àkókò nìyẹn: ẹ pè wọ́n nígbà tí nǹkan ṣì ṣeé yí padà. Bí ẹ bá pè wọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí, kò sí ohun tó kù fún wọn ju kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù fún ẹni tí kò kàwé nípa rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ni mo fi máa ń dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1975, nǹkan bí 140 èèyàn, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pọ̀ jù nínú wọn, péjọ sí Asilomar ní California láti pinnu ìlànà ààbò fún iṣẹ́ síso DNA pọ̀. Ìpàdé tó ṣe iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Yunifásítì Harvard fẹ́ ṣe láàbù fún irú iṣẹ́ náà ní Cambridge, Alfred Vellucci tó jẹ́ olórí ìlú náà pe àwọn onímọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n dá apá kan iṣẹ́ náà dúró, wọ́n sì yan àwọn ará ìlú láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àwọn tí wọ́n yàn kì í ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò epo tí wọ́n fi ń mú ilé móoru wà lára wọn, síìsítà ìjọ Kátólíìkì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi jókòó, tí wọ́n ń gbọ́ tẹnu àwọn tó fara mọ́ iṣẹ́ náà àti tẹnu àwọn tó kọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń béèrè ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kí iṣẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n kí a fi ìlànà ààbò kún èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti là sílẹ̀, ìlú náà sì sọ ọ́ di òfin ní ọdún 1977. Òfin náà kò lé iṣẹ́ lọ, nítorí Cambridge wà lára ibi tí ilé-iṣẹ́ báyọ́tẹ́kì pọ̀ sí jùlọ láyé lónìí. Àwọn ará ìlú yẹn kò di onímọ̀ báyọ́lọ́jì kí wọ́n tó lè ṣe é. A fún wọn ní àkókò, a sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn ní agbára. Nǹkan méjèèjì yìí gan-an ni a kì í fẹ́ fún ará ìta.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un. Nígbà tí àwọn àjọ tó ń náwó sí ìwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ará ìlú jíròrò lórí báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá, tí ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, ìbéèrè márùn-ún ló ta yọ lẹ́nu ará ìlú fún àwọn onímọ̀: kí ni iṣẹ́ náà wà fún, kí ló dé tí ẹ fẹ́ ṣe é, kí ni ẹ̀yin fúnra yín yóò rí gbà níbẹ̀, kí ni nǹkan mìíràn tí yóò tún ṣe, báwo ni ẹ sì ṣe mọ̀ pé ẹ tọ̀nà? Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ní kí a ṣàlàyé bí a ṣe ń gé DNA. Orí ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni ẹ lo ogójì ìṣẹ́jú yẹn sí.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àgbà Láàbù. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi fẹ́ sọ, nítorí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ń kọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì ni mo máa ń fi sáà kan gbáko kọ́ wọn, n ó wá fi kíláàsì ìkẹyìn sọ̀rọ̀ lórí ojúṣe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì parí síbẹ̀. Ohun tó yí ọwọ́ mi padà ni túùbù kékeré kan. Ohun èlò kan wà tí a ń lò fún ẹ̀kọ́, ìyẹ̀fun gbígbẹ ni nínú túùbù tí kò ju ìka ọmọdé lọ; àwọn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tí Àgbà Láàbù sọ lókè yìí ni, kò sí sẹ́ẹ̀lì alààyè níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kán omi díẹ̀ tó ní DNA sí i, yóò gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kejì, tí a bá tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, yóò máa dán ní àwọ̀ ewé. Ọmọbìnrin kan gbé tirẹ̀ sún mọ́ ojú títí èémí rẹ̀ fi bo ara túùbù náà, ó wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó wà láàyè?" Mo ní kí gbogbo wọn pa ìwé dé. Orí ìbéèrè yẹn ni a fi gbogbo àkókò tó kù sí. Ẹnì kan ní ó wà láàyè nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn ní kò lè bí irú rẹ̀, nítorí náà kò sí láàyè. Ẹnì kẹta, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, béèrè pé bí kò bá wà láàyè, kí ló dé tí mo fi ní kí wọ́n da bílíìsì sí i, kí wọ́n sì dúró kí àkókò rẹ̀ pé kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Mo sọ fún un pé kí ọwọ́ wọn lè mọ́ ọn lára ni, ṣáájú ọjọ́ tí yóò di dandan. Láti ìgbà náà, ojúṣe ti kúrò ní kíláàsì ìkẹyìn; ó ti di ara bí a ṣe ń di túùbù mú.

Iṣẹ́ mìíràn tí mo máa ń fún wọn ni ìtàn artemisinin, èròjà oògùn ibà tí a ń rí lára ewéko artemisia. Ní ọdún 2006, Jay Keasling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi hàn pé a lè tún jíìnì ìwúkàrà tò kí ó máa ṣe ásíìdì tí a lè sọ di artemisinin. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé-iṣẹ́ oògùn Sanofi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn kan yọ̀ pé oògùn kò ní í wọ́n mọ́, àwọn mìíràn sì ń béèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ kékeré tó jẹ́ pé ewéko yìí ló ń gbìn jẹun. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò rí bí ẹnikẹ́ni ṣe rò: èyí tó wá láti ara ewéko pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ já wálẹ̀, ti ìwúkàrà kò lè bá a díje, Sanofi sì ta ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní ọdún 2016. Kí n tó sọ ìgbẹ̀yìn yìí fún àwọn ọmọ, mo máa ń pín wọn: ẹnì kan á gbẹnu sọ fún àgbẹ̀, ẹnì kan fún ìyá tí ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀, ẹnì kan fún olówó tó dáwó, ẹnì kan fún onímọ̀. Òfin kan ṣoṣo tí mo fi lélẹ̀ ni pé ọmọ tó bá fẹ́ràn báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá jù nínú kíláàsì ni yóò gbẹnu sọ fún àgbẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, tó sì jáde pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dáhùn.

Ní ti ìdíje, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín rò pé àfikún lásán ni èyí. Nínú iGEM, wọ́n máa ń béèrè bí ọ̀rọ̀ àwọn tí iṣẹ́ náà kàn ṣe tún iṣẹ́ ẹgbẹ́ ṣe, òfin wọn kò sì gbà kí ẹgbẹ́ tú ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ síta.

Òṣìṣẹ́ Ààbò Láàbù fèsì:

Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ̀yin méjèèjì sọ, àmọ́ ibì kan wà tí n kò lè gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Àgbà Láàbù. Ìgbìmọ̀ ìlú ló fún àwọn ará Cambridge yẹn ní agbára. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ láti fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá pe èèyàn, tí ẹ ní ọ̀rọ̀ wọn lè yí iṣẹ́ padà, nígbà tó jẹ́ pé òfin, owó àti ọ̀gá yín ti pinnu púpọ̀ nínú rẹ̀, irọ́ kejì lẹ pa yẹn, ó sì burú ju "kò léwu rárá" lọ, torí pé ẹ ti gba àkókò wọn kí ẹ tó tàn wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni kí ẹ ti sọ ohun tó ṣì ṣí sílẹ̀ àti ohun tí a ti tì pa: irú ohun tí a ó lò àti ibi tí a ó ti lò ó ṣì wà lọ́wọ́ wa, ẹ bá wa dá sí i, òfin pé alààyè tí a tún tò kò gbọdọ̀ jáde ní láàbù láìgba àṣẹ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yàrá yìí, títí kan àwa.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìlérí. Ní ọdún 2013, àwọn kan lọ sórí ìkànnì Kickstarter láti tọrọ owó fún ewéko tí yóò máa tàn lálẹ́. Àwọn tó ju 8,000 lọ dá owó tó lé ní $480,000, wọ́n sì ṣèlérí irúgbìn fún àwọn tó dáwó. Kò pẹ́ rárá tí Kickstarter fi fòfin de fífi ohun abẹ̀mí tí a tún jíìnì rẹ̀ tò ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó dáwó. Nígbà tó sì di ọdún 2017, wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró láìjẹ́ pé ewéko tí wọ́n ṣèlérí dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti dáwó sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbọ́ tiyín?

Ohun tó kù jẹ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí jáde lórí bí wọ́n ṣe to fáírọ́ọ̀sì ṣànpọ̀nná ẹṣin láti inú DNA tí wọ́n rà, àríyànjiyàn ńlá sì dìde lórí bóyá ó yẹ kí a kọ irú rẹ̀ síta, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì náà jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa ṣànpọ̀nná èèyàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ka irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn lè ṣí ọkàn payá nípa ìdí iṣẹ́ àti ewu rẹ̀, kó sì tún fa ọwọ́ sẹ́yìn lórí àlàyé ọ̀nà ìṣe. Kí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta DNA wà tí wọ́n ti fìmọ̀ ṣọ̀kan láti ọdún 2009 pé àwọn yóò máa yẹ ohun tí a béèrè fún àti ẹni tó béèrè rẹ̀ wò. Bí ilé-iṣẹ́ bá pe ẹgbẹ́ yín láti béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi DNA ṣe, kí ọmọ yín má kà á sí ìfìtínà.

Olùtọ́sọ́nà Ẹgbẹ́ padà wá:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún àwọn ọmọ náà. Ọmọ tó sọ pé "kò léwu rárá" ló kọ́kọ́ dìde pé òun fẹ́ lọ bá ìyá náà. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ lọ, wọ́n sọ òtítọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un, wọ́n sì sọ ti pépà náà. Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní, "Pépà yẹn, ta ni yóò máa tà á, èló sì ni?" Ọmọ náà ní àwọn kò tíì rò ó débẹ̀. Ó sọ fún mi pé ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ní òun yóò wá bí a bá tún pe òun.

Ìbéèrè kan ló kù. Bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà gbà pé èèyàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá rárá, kò sì sí àlàyé tó ń wọ̀ ọ́ létí. Àwọn ọmọ ní kí a má pè é, nítorí yóò da ìpàdé rú. Kí ni ẹ rí sí i?

Àgbà Láàbù fèsì:

Òṣìṣẹ́ Ààbò, mo gba àtúnṣe yín lórí ọ̀rọ̀ agbára. Ẹ tọ̀nà, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́.

Olùtọ́sọ́nà, ẹ pe bàbá náà. Àwọn ọmọ yín yóò fẹ́ sọ fún un pé láti ọdún 1982 ni a ti fọwọ́ sí insulin tí bakitéríà ṣe fún àwọn alárùn àtọ̀gbẹ, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ọ́ láti fi pa á lẹ́nu mọ́, ohun tí wọ́n ṣe sí ìyá yẹn ni wọ́n tún ṣe. Ẹ bi í léèrè ibi tí ààlà wà lójú tirẹ̀: ṣé bakitéríà ni, ṣé ewéko ni, ṣé ẹranko, àbí ara èèyàn? Ó lè ní láti orí bakitéríà ni. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ẹ fún un kà kí ó tó wọ inú ìjábọ̀ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ bí kò bá tilẹ̀ yí iṣẹ́ náà padà.

Ní ti ìpàdé náà, ìbéèrè ìyá nípa ẹni tí yóò máa ta pépà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé àwòrán DNA kankan sójú ògiri títí àwọn àlejò yín yóò fi sọ tiwọn tán.